Ẹ Bi Wá: Yanrìn Tí Wọ́n Kó Sétíkun, Níbo Ló Ń Gbà Lọ?

Láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án ni òkun Èkó máa ń ru jù lọ, àsìkò yìí náà sì ni lẹ́tà nípa etíkun máa ń pọ̀ lórí tábìlì wa. A ṣa mẹ́fà nínú wọn. A gé àwọn tó gùn kúrú, ṣùgbọ́n a kò yí ìbéèrè ẹnikẹ́ni padà.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà èwe mi ni wọ́n ti ń rọ́ yanrìn sí Bar Beach. Wọn a rọ́ ọ, etíkun a fẹ̀, ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà omi a tún dé títì Ahmadu Bello. Ṣé òkun ló ń gbé yanrìn yìí mì ni, àbí owó ìlú ni wọ́n ń dà sómi?
*Bàbá Àgbà, Ìsàlẹ̀ Èkó*

Bàbá, òkun kì í gbé yanrìn mì, ó ń rù ú kọjá ni. Etíkun wa nà láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Ìgbì tó ń ti Àtìláńtíìkì bọ̀ kì í sì í dojú kọ ilẹ̀ tààrà: gúúsù ló ti ń wá, ó fì díẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn. Bí ìgbì bá gun etíkun, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń gùn ún, a máa ti yanrìn síhà Lẹ́kkí. Bí omi bá ń padà sínú òkun, tààrà ló ń sọ̀ kalẹ̀. Gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́, sọ̀ tààrà, bẹ́ẹ̀ ni hóró yanrìn ṣe ń rìn bí alákàn tọ̀sán-tòru. Lójoojúmọ́, ojú kò lè rí i. Àmọ́ láàárín ọdún kan, yanrìn tó ń kọjá níwájú Èkó ju ìdajì mílíọ̀nù kùbíìkì mítà lọ.

Láyé àtijọ́, ìrìn yìí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan, nítorí èyí tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ ń dọ́gba. Àwọn ọkọ̀ òkun ló ń jìyà rẹ̀. Yanrìn máa ń gbá jọ sábẹ́ omi lẹ́nu ọ̀nà ọ̀sà, ọkọ̀ ńlá kò lè wọlé, Forcados, èbúté kan níhà Niger Delta, ni wọ́n ti ń já ẹrù Èkó sínú ọkọ̀ kékeré. Ìdí nìyí tí ìjọba amúnisìn fi kọ́ apá òkúta méjì sẹ́nu ọ̀nà náà láàárín 1908 sí 1912, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí West Mole àti East Mole. Ọkọ̀ rí ọ̀nà wọlé. Yanrìn ni kò rí ọ̀nà kọjá mọ́. Ó dúró sẹ́yìn West Mole, ó sì ń ga sí i níbẹ̀. Ẹ lọ wo Lighthouse Beach, ẹ ó rí bó ti fẹ̀ tó. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ìgbì kò dáwọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Bí kò ti rí ti ìwọ̀-oòrùn rù mọ́, ti Bar Beach gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Kí ọdún 1960 tó pé, ilẹ̀ tó ti lọ nítòsí East Mole ju kìlómítà 1 lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò owó tẹ́ ẹ ní wọ́n dà sómi. Ní 1974 sí 1975, mílíọ̀nù 3 kùbíìkì mítà ni wọ́n rọ́ síbẹ̀. Mílíọ̀nù 2 tẹ̀ lé e ní 1981, mílíọ̀nù 3 ní 1985 sí 1986, mílíọ̀nù 5 ní 1990 sí 1991. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 13 láàárín bí ọdún 17. Tẹ́ ẹ bá pín in, ó fi díẹ̀ ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin mílíọ̀nù lọ lọ́dọọdún, èyí tó sún mọ́ iye tí ìgbì ń rù kọjá gan-an. Ó túmọ̀ sí pé gbèsè yanrìn tí àwọn Mole ń jẹ etíkun ni wọ́n ń san. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀, lójú tiwa, ni pé wọ́n ń san gbèsè ọdọọdún lẹ́ẹ̀kan lọ́dún márùn-ún tàbí mẹ́wàá, tí wọ́n sì ń sọ fún ìlú pé iṣẹ́ ti parí. Láàárín 1960 sí 1968, ẹ̀rọ kan wà lórí East Mole tó ń fa yanrìn sí etíkun, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta mílíọ̀nù kùbíìkì mítà lọ́dún. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti gbìyànjú, ìyẹn ló sún mọ́ òtítọ́ jù.

Etíkun tẹ́ ẹ mọ̀ kò sí mọ́ báyìí. Ògiri Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n ń kọ́ sórí yanrìn tí wọ́n rọ́ sínú òkun, ti gba iwájú ibẹ̀. Yanrìn tó wà lẹ́yìn ògiri yẹn kò rìn mọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni wọ́n fi ṣe, etíkun kọ́. Ìgbì ṣì ń rìn níwájú ògiri náà, ibi tí ògiri bá sì parí sí ni yóò ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá yanrìn rù.

Mo ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá lórí fífi yanrìn kún etíkun. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ iye yanrìn tó máa tó, ṣé gbogbo yanrìn sì ló dára?
*Akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà, Yaba*

Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ń ṣì ni pé orí ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wò. Etíkun kò parí síbi tí omi bẹ̀rẹ̀. Ó ń sọ̀ lọ sábẹ́ omi títí dé ibi tí ìgbì kò ti lè gbé yanrìn mọ́. Bó o bá fẹ́ ti etíkun síwájú mítà 1, gbogbo ara rẹ̀ lo máa tì, láti orí dé ìsàlẹ̀. Ká sọ pé orí etíkun fi mítà 2 ga ju omi lọ, tí ìgbì sì ń da yanrìn rú dé mítà 8 nísàlẹ̀. Gíga gbogbo rẹ̀ di mítà 10. Ìyẹn ni pé mítà onígun mẹ́rin kan tó gbẹ ń béèrè yanrìn kùbíìkì mítà 10. Fífẹ̀ mítà 30 lórí kìlómítà 1, 10 × 30 × 1,000, ó di 300,000. Típà ńlá kan ń kó nǹkan bíi kùbíìkì mítà 20, a jẹ́ pé ìrìn 15,000 nìyẹn. O rí ìdí tí wọn kì í fi típà ṣe iṣẹ́ yìí. Ọkọ̀ tó ń fa yanrìn lábẹ́ òkun ni wọ́n ń lò, páìpù a pọ̀ ọ́ sórí ilẹ̀ pẹ̀lú omi, katakata a sì máa tẹ́ ẹ.

Má fi mítà 8 tí mo lò yẹn kọ iṣẹ́ rẹ o. Wíwọn ni wọ́n ń wọn ọ́, tí wọ́n á máa wọn abẹ́ omi léraléra títí wọ́n á fi rí ibi tí ìlà ti ọdún yìí àti ti èṣí ti bára mu.

Ní ti irú yanrìn, hóró rẹ̀ ni kókó. Bu yanrìn ìbílẹ̀ etíkun náà níbi mẹ́rin, ó kéré tán: lórí ilẹ̀ gbígbẹ, láàárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, níbi tí ìgbì ti ń fọ́, àti nínú omi tó jìn tó mítà 2 tàbí 3. Sá a gbẹ, fi asẹ́ onípele jọ̀ ọ́, kí o mọ ìwọ̀n àárín. Yanrìn tuntun gbọ́dọ̀ tó ti ìbílẹ̀ tàbí kó fi díẹ̀ nípọn jù ú lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé hóró mìlímítà 0.4 ń rì ní bí sẹ̀ǹtímítà 5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí ti 0.2 kò tó ìdajì ìyẹn. Èyí tí kò tètè rì, omi a ti gbé e jìnnà kó tó balẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, yanrìn wẹ́wẹ́ kì í dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ga, ńṣe ló máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Iye kan náà tí ì bá fún ọ ní mítà 30 á fún ọ ní mítà 10, ìyókù á wà lábẹ́ omi.

Èyí ló ń mú kí yanrìn ọ̀sà jẹ́ ewu. Ó sún mọ́ wa, fífà rẹ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ sábà máa ń bá a wá. Rọ yanrìn sínú ìgò títí dé ìdajì, bu omi kún un, mì ín dáadáa, kó o sì gbé e kalẹ̀ dọ́jọ́ kejì. Ẹrẹ̀ á bà sórí yanrìn, wàá sì fojú rí bó ti nípọn tó. Bó bá ju 5 nínú 100 lọ, wá yanrìn síbòmíràn. Má sì jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ihò yanrìn sítòsí etíkun níbi tí ìgbì ti ń dà á rú. Ihò náà á fa yanrìn padà sínú ara rẹ̀, àní bíi kéèyàn mú nínú àpò ọ̀tún kó fi sí tòsì. Ìgbì tún máa ń tẹ̀ síbòmíràn bó bá kọjá lórí ihò, ibi tí kò jẹ rí á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

Kó o tó fi ìwé sílẹ̀, kọ èyí náà sí i: gígùn ló ń mú yanrìn pẹ́. Etíkun tí wọ́n fi yanrìn kún ń yọ bí ikùn síta, ìgbì a sì máa há orí méjèèjì rẹ̀ dànù. Bó o bá sọ gígùn iṣẹ́ náà di ìlọ́po méjì, ọjọ́ orí rẹ̀ lè di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí mítà 300 tí ilé ìgbafẹ́ kan dá ṣe fi máa ń lọ kí ọdún tó yí po.

Wọ́n kó yanrìn sí etíkun tí mo ti ń ta ẹja díndín. Ní oṣù Kẹta, ó fẹ̀ bíi pápá bọ́ọ̀lù. Ní oṣù Keje, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kù sí ìdajì, ó sì gé gègèrè bí ògiri, ó ga dé àyà mi. Wọ́n ní agbaṣẹ́ṣe ló fi yanrìn burúkú rẹ́ wa jẹ. Ṣóòótọ́ ni?
*Ìyá Ìbejì, Ọbáléńdé*

Ó lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè jẹ́ irọ́, màmá, nítorí ohun tẹ́ ẹ rí yìí máa ń ṣẹlẹ̀ níbi tí agbaṣẹ́ṣe kò ti ṣẹ̀ pàápàá. Katakata kò lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ omi. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ń rọ́ gbogbo yanrìn sí, kí ìgbì fúnra rẹ̀ wá pín in sísàlẹ̀. Nítorí náà, etíkun tuntun máa ń fẹ̀ jù bó ṣe yẹ lọ. Ní ọdún kìíní sí ìkejì, ó lè sọ ìdajì ibi gbígbẹ rẹ̀ nù, kí yanrìn náà sì wà níwájú yín lábẹ́ omi, níbi tó ti ń mú kí ìgbì fọ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ kó o wá ló ń ṣe níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣe àdéhùn tó dáa á ti sọ fún ìlú láti ìbẹ̀rẹ̀: èyí tẹ́ ẹ rí lónìí, àti èyí tó máa kù fún yín. Wọn kì í sábà sọ ọ́, òun ló ń dá ìjà sílẹ̀.

Ní ti ògiri yanrìn, ohun méjì ló máa ń fà á. Àkọ́kọ́ ni pé wọ́n tẹ́ yanrìn ga ju bí ìgbì ibẹ̀ ṣe ń gùn lọ. Ìgbì kò lè dé orí rẹ̀ láti tún un tò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń gé. Èkejì ni pé ẹsẹ̀ katakata ti tẹ̀ ẹ́ ki, tàbí pé ẹrẹ̀ wà nínú rẹ̀ tó so ó pọ̀. Ẹ fọwọ́ bu lára ògiri náà. Bó bá ń ṣàn láàárín ìka yín, gíga rẹ̀ ni wàhálà. Bó bá ń jábọ́ ní kúlùkúlù bí yẹ̀pẹ̀, tó sì ń fi àbàwọ́n sílẹ̀ lọ́wọ́, ẹ ní ẹjọ́ tẹ́ ẹ lè rò.

Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó sábẹ́ rẹ̀ o! Ó máa ń wó láìsọ tẹ́lẹ̀, yanrìn sì wúwo ju bó ti rí lójú lọ. Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Tí omi bá ti fà, katakata á ti orí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ títí tí á fi di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹni tó bá rin mítà 10 má sọ̀ ju mítà 1 lọ. Wọ́n á sì tú yanrìn tó ki. Ó yẹ kí wọ́n ṣe é kí ìjàpá òkun tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè wá yé ẹyin, torí ìjàpá kò lè gun ògiri. Etí omi ló máa yé e sí, omi á sì gbé e lọ.

Ẹgbẹ́ onílé wa fẹ́ dáwó jọ kọ́ apá òkúta kan síwájú ẹ́sítéètì wa, irú èyí tí ìjọba kọ́ lápá Lẹ́kkí. Àwọn kan ní ká kó yẹ̀pẹ̀ pupa àti àpò yanrìn sí i ná. Èwo lẹ rò?
*Akọ̀wé ẹgbẹ́, Lẹ́kkí*

Ẹ má kọ́ ọ. Apá òkúta, tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní groyne, kì í ṣẹ̀dá yanrìn. Ó ń dá yanrìn tó ń kọjá dúró ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn rẹ̀ á sì jẹ, ohun kan náà tí àwọn Mole fojú Bar Beach rí. Aládùúgbò yín níhà Ìbẹjú ni yóò san owó òkúta yín, tí òun náà bá sì kọ́ tirẹ̀, ti ẹni kẹta dé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ ọ ní ọ̀wọ́, ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú àlàfo tó bá gígùn wọn mu, bí ìlọ́po méjì sí mẹ́ta. Wọ́n sì máa ń fi yanrìn kún àlàfo wọ̀nyẹn lọ́jọ́ kan náà, kí èyí tó ń bọ̀ lè rí orí wọn kọjá. Ẹni tó kọ́ òkúta tí kò kó yanrìn sáàárín ti fi ìdajì iṣẹ́ sílẹ̀. Omi tún máa ń ṣàn wọ inú òkun pẹ̀lú agbára lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú òkúta bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ nítòsí rẹ̀ lè rí ara rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán kó tó mọ̀. Kó má bá omi náà jà, kó lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ kan ná, kó kúrò lọ́dọ̀ òkúta, kó tó dorí kọ ilẹ̀.

Yẹ̀pẹ̀ pupa kò wúlò rárá. Ìgbì méjì, ó ti di omi pupa. Àpò yanrìn lè ra ọ̀sẹ̀ díẹ̀ fún yín bí ilé bá ti fẹ́ wó, bẹ́ ẹ bá tò ó bíi bíríkì lórí aṣọ àsẹ́ tó ń jẹ́ kí omi jáde tí kì í jẹ́ kí yanrìn jáde, tẹ́ ẹ sì gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀ ju ibi tí omi lè gbẹ́ dé. Ìpìlẹ̀ tí kò jìn ló ń pa ọ̀pọ̀ ògiri òkun. Orí rẹ̀ á dúró digbí, omi á gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, yanrìn ẹ̀yìn rẹ̀ á yọ́ jáde lábẹ́, gbogbo rẹ̀ á wó níjọ́ kan.

Ẹ fi owó yín kún ti àwọn ẹ́sítéètì tó yí yín ká, kẹ́ ẹ jùmọ̀ lọ bá ìjọba fún yanrìn lórí kìlómítà púpọ̀. A mọ̀ pé ìpàdé rẹ̀ á gùn.

Ṣé a lè fi yanrìn etíkun mọ búlọ́ọ̀kù?
*Bíríkìlà, Mushin*

Rárá o. Iyọ̀ inú rẹ̀ á jẹ irin inú kọnkéré, ògiri á sì máa hu funfun. Òfin kò sì gba kíkó o.

Mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa wọn etíkun. A kò ní ẹ̀rọ. Ǹjẹ́ ọ̀nà wà?
*Olùkọ́ jọ́gíráfì, Èbúté-Mẹ́ta*

Ọ̀nà wà, kò sì ju igi méjì, okùn àti ojú tó ríran lọ. Emery, onímọ̀ òkun ará Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní 1961, wọ́n ṣì ń lò ó káàkiri ayé.

Ẹ gé igi méjì tó tọ́, mítà 1.5 ni kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ẹ fi ọ̀dà sàmì sí i ní sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan, kí òdo wà lókè, kí òǹkà máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹ so wọ́n pọ̀ pẹ̀lú okùn mítà 2 tí kì í fà. Ẹ wá ibi tí kò ní yí padà, bí igun ògiri tàbí ìdí òpó, kẹ́ ẹ kùn ún: ibẹ̀ lẹ ó ti máa bẹ̀rẹ̀ nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá lọ wọ̀n. Nígbà tí omi bá fà tán ni kẹ́ ẹ lọ. Ìyàtọ̀ ìkún àti ìfà ní Èkó kò ju bíi mítà 1 lọ, síbẹ̀ ó tó láti gbé ẹsẹ̀ etíkun pamọ́ fún yín.

Ọmọ kan á di igi ẹ̀yìn mú, èkejì á gbé tirẹ̀ lọ síwájú títí okùn á fi fà le. Kí igi méjèèjì nàró ṣánṣán. Ẹni tó wà lẹ́yìn á wo orí igi iwájú, á mú un bá ìlà tí òkun àti ojú ọ̀run ti pàdé dọ́gba, á sì ka ibi tí ìwòye rẹ̀ ti gba ara igi tirẹ̀ kọjá. Òǹkà náà ni iye tí ilẹ̀ fi sọ̀. Bí iwájú bá ga ju ẹ̀yìn lọ ńkọ́? Orí igi ẹ̀yìn ni yóò ti wo ìlà náà, kí wọ́n ka ara igi iwájú, kí wọ́n sì kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìgòkè. Lẹ́yìn náà ni igi ẹ̀yìn á bọ́ sí ojú ibi tí igi iwájú wà gan-an, tí wọ́n á tún tẹ̀ síwájú, títí omi á fi mù wọ́n dé orúnkún. Ọkọ̀ tó dúró sójú agbami máa ń tan àwọn ọmọ jẹ, ìlà òkun ni kí wọ́n wò. Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ padà sílé bẹ́ ẹ kò bá rí ìlà náà.

Ìlà mẹ́rin tó fi mítà 250 jìnnà síra á tó fún kìlómítà 1. Ẹ yà á sórí ìwé onílà gúnmẹ́rin-gúnmẹ́rin, kẹ́ ẹ gbé ti oṣù yìí lé ti oṣù tó kọjá. Bí ilẹ̀ bá fi ìdajì mítà sọ̀ káàkiri mítà 40, kùbíìkì mítà 20 ló kúrò lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Lórí kìlómítà 1, ó di 20,000. Ṣùgbọ́n ibi tí orúnkún mọ lẹ wọ̀n dé, torí náà ẹ má tíì kọ ọ́ pé ó sọnù. Ẹ wọ̀n ọ́ lóṣooṣù fún ọdún kan gbáko. Bí èyí tó lọ ní oṣù Keje bá padà wá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, abẹ́ omi ló wà. Bí ìlà ti ìlà-oòrùn bá ń kún nígbà tí ti ìwọ̀-oòrùn ń dín kù, ó ti kọjá lọ síhà Lẹ́kkí. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti orúkọ ẹni tó kà á sára ìwé kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú bí òkun ṣe ru tó lọ́jọ́ náà.